Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ Àyíká Bakewell: Ìrìn Gbẹ̀fẹ́ ní Ìgbèríko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

  Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Manchester, Sheffield, Derby àti Nottingham, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ tòní kàn jù.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ìgbèríko ibẹ̀ rí. Láti ilé dé ibi iṣẹ́, láti ibi iṣẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, láti ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu àti ẹ̀lùbọ́, ó parí. Bí a bá wà nínú ọkọ̀ tí a ń wo pápá tútù yọ̀yọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ohun tí ọkàn wa máa ń sọ ni pé oko olóko ni, pé onílẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ajá rẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀rù yìí ní ìdí. Nílé wa, ẹni tó bá gba àárín oko olóko kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, wọn á bi í léèrè ohun tó wá ṣe. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin fi ọ̀nà sí àárín oko olóko, gbogbo ènìyàn ló sì ní ẹ̀tọ́ láti gbà á, ọmọ onílẹ̀ àti àlejò. Ẹ̀tọ́ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí, kí ẹ sì lò ó. Ìlú kan ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ: Bakewell, ní Derbyshire.

Bakewell kò tóbi. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún, síbẹ̀ kò sí ìlú tó tóbi tó o ní gbogbo Peak District, ìyẹn ilẹ̀ olókè àti àfonífojì tí ìjọba sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 1951, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Britain. Odò Wye ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà. Afárá olókùúta olójú márùn-ún kan wà lórí odò ọ̀hún tó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún, mọ́tò sì ń gbà á títí di òní. Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì All Saints tó wà lórí òkè, ẹ ó rí òkúta gbígbẹ́ tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ kí àwọn ará Normandy tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066.

Ọjọ́ Ajé ni ọjà Bakewell. Wọ́n ti ń ná an láti nǹkan bí ọdún 1254. Títí di òní, bí ọjọ́ Ajé bá pé, wọ́n á pa àtíbàbà sí àárín ìlú, wọ́n á máa ta wàràkàṣì, èso, aṣọ àti oríṣiríṣi nǹkan ilé. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọjà yìí, nítorí òun ló bí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tí a fẹ́ rìn.

Kí ọkọ̀ tó dé, ará abúlé Ashford tó fẹ́ ta ẹyin àti bọ́tà, ẹsẹ̀ ló fi ń wá. Ará Great Longstone tó fẹ́ ta àgùntàn, ó ń dà wọ́n níwájú bọ̀ ni. Àwọn tó ń wa òjé nínú òkè ní láti ra oúnjẹ, ọjà ni wọ́n ń bọ̀. Bí ènìyàn bá kú ní abúlé tí kò ní itẹ́ òkú, wọ́n á gbé e lé èjìká wá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ìlú. Ọjọ́ kan kọ́, ọdún kan kọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi la ọ̀nà gba pápá, gba etí odò, gba inú igbó, gbogbo rẹ̀ sì dorí kọ afárá Bakewell. Nígbà tí wọ́n wá ṣe títì ọlọ́dà, mọ́tò gba ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì ṣẹ́ kù sínú oko. Ìdí nìyẹn tí ìlú ọjà kékeré fi dára fún ẹni tó fẹ́ rìn ju ìlú ńlá lọ: ibi yòówù kí ẹ kọjú sí, ẹnìkan ti la ọ̀nà síbẹ̀ fún yín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí ni ọ̀nà etí odò tó lọ sí abúlé Ashford yẹn, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Ashford-in-the-Water. Kò ju bíi kìlómítà mẹ́ta lọ ní àlọ, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì ga. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá ńlá. Ẹ dúró kí ẹ bojú wo omi: ó mọ́ gaara débi pé ẹ ó rí àwọn ẹja tráòtù tí wọ́n dojú kọ ìṣàn, tí wọ́n ń mi ìrù láìkúrò lójú kan. Bí ẹ bá sọdá tán, ẹ bọ́ sí pápá etí odò, kí ẹ máa lọ sí apá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Láìpẹ́ ẹ ó dé afárá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Holme Bridge. Ọdún 1664 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ wo bí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti kúrú. Ẹṣin arẹrù ló ń gba orí rẹ̀ nígbà náà, wọ́n á di ẹrù sí i lọ́tùn-ún lósì. Bí ògiri bá ga, ẹrù á máa há. Bẹ́ẹ̀ ni irun àgùntàn, ọkà àti òjé ṣe ń rìnrìn àjò kí títì tó dára.

Láti ibẹ̀, pápá ni ẹ ó máa gbà títí dé Ashford. Afárá kan wà ní abúlé yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò, wọ́n ń pè é ní Sheepwash Bridge, ibi tí wọ́n ti ń wẹ àgùntàn. Ní ẹ̀bá afárá náà, wọ́n fi òkúta ṣe ọgbà kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ ṣí sí odò. Kí wọ́n tó rẹ́ irun àgùntàn, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, nítorí irun tó mọ́ ló ń pa owó lọ́jà. Àgùntàn kò sì fẹ́ràn odò. Ọgbọ́n tí àwọn darandaran dá ni pé wọ́n á kó àwọn ọmọ àgùntàn dúró sí bèbè kan, wọ́n á ju ìyá wọn sómi láti bèbè kejì. Ìyá á gbọ́ igbe ọmọ, á lúwẹ̀ẹ́ gba inú omi lọ bá a, irun rẹ̀ á sì mọ́. Ọgbà náà ṣì wà níbẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i.

Bí ẹ bá lè bọ́ sí ìparí oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà, ẹ ó bá wọn níbi ọ̀ṣọ́ kànga. Àṣà ilẹ̀ Derbyshire ni. Wọ́n á po amọ̀ sínú pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa to ewé òdòdó, kóró èso, èèpo igi àti koríko mọ́ amọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi di àwòrán ńlá, wọ́n á sì gbé e ka orí kànga àti orísun omi abúlé. Ní abúlé Tissington tó wà ní apá gúúsù ọgbà orílẹ̀-èdè náà, ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn so àṣà yìí mọ́ àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1349, nígbà tí omi wọn mọ́ tí ikú kò sì wọ abúlé náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ọjọ́ púpọ̀ ni, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti rọ. Mo rò pé kò sí ọmọ Yorùbá tó máa dúró níwájú rẹ̀ tí kò ní mọ ìdí tí ènìyàn fi ń bu ọlá fún omi.

Nísinsìnyí, ta ló fún wa láṣẹ láti gba àárín oko?

Ní òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tí ará ìlú bá ti ni kì í kú nítorí pé ilẹ̀ pààrọ̀ ọwọ́. Bàbá lè ta oko, ọmọ lè jogún rẹ̀, ọ̀nà inú oko wà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1949, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin kan tó pàṣẹ fún àwọn kánsù ìpínlẹ̀ láti ya gbogbo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀, àwòrán náà sì ni ẹ̀rí ní kóòtù. Bí ọ̀nà kan kò bá sí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ará ìlú ti ń gbà á ní gbangba fún ogún ọdún láìtọrọ àyè, tí onílẹ̀ kò sì ṣe ohunkóhun láti fi hàn pé òun kò fẹ́, òfin á gbà pé onílẹ̀ ti yọ̀ǹda rẹ̀. Lónìí, àpapọ̀ àwọn ọ̀nà yìí ní England àti Wales lé ní ẹgbàá lọ́nà ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ìyẹn 200,000.

Ẹ má rò pé inú rere àwọn ọlọ́lá ló mú èyí wá. Ẹ wo àwọn odi òkúta tó pín pápá Derbyshire sí kélekèle, tí wọ́n tò láìfi sìmẹ́ǹtì kankan sí i. Irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì ni, àwọn ará Derbyshire sì mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó kí atẹ́gùn àti yìnyín má wó o. Ó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àmì ohun tí mẹ̀kúnnù pàdánù. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti kọkàndínlógún, ilé aṣòfin ń ṣe òfin lórí òfin tó pín ilẹ̀ àjùmọ̀ní, ilẹ̀ tí gbogbo abúlé ti ń da ẹran tí wọ́n sì ti ń ṣẹ́ igi, fún àwọn onílẹ̀ ńlá. Wọ́n mọ odi yí i ká. Ilẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹni tí kò ní nǹkan ni ọ̀nà tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú bí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ń pe ọ̀nà yìí ní nǹkan eré lásán.

Bí ẹ ṣe máa mọ ọ̀nà náà kò le. Níbi tí ó ti kúrò lára títì, ẹ ó rí pátákó tí wọ́n kọ Public Footpath sí. Nínú oko, ẹ máa wo ọfà kékeré lára òpó géètì: ọfà aláwọ̀ ìyeyè ni ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, ọfà aláwọ̀ búlúù sì ni èyí tí ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ náà lè gbà. Máàpù tí ẹ nílò ni ti Ordnance Survey, nọ́ńbà rẹ̀ ni OL24. Ìlà gígékúrú aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ya ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sórí rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin orí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan lórí ilẹ̀. Ẹ má gbára lé fóònù nìkan, nítorí nẹ́tíwọ̀kì máa ń lọ ní inú àfonífojì. Níbi tí odi bá ti dí ọ̀nà, ẹ ó rí òkúta méjì tí wọ́n fi ìdúró gbé sí ara odi pẹ̀lú àlàfo tóóró láàárín wọn. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe é kí ènìyàn lè kọjá kí àgùntàn má lè kọjá.

Àgbẹ̀ ní ojúṣe tirẹ̀. Bí ó bá tú ilẹ̀ tí ọ̀nà gba àárín rẹ̀ láti gbin nǹkan, ó gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀nà náà padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kò gbọdọ̀ da akọ màlúù irú èyí tí wọ́n ń sìn fún wàrà sínú pápá tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gbà bí ó bá ti ju oṣù mẹ́wàá lọ. Ojúṣe tiwa náà wà: kí a má yà kúrò lójú ọ̀nà, kí a fi géètì sílẹ̀ bí a ṣe bá a, kí a di ajá mú, kí a kó ìdọ̀tí wa dání padà sílé. Ọ̀rọ̀ géètì yìí ṣe pàtàkì. Géètì kan tí ènìyàn gbàgbé láti tì lè da agbo ẹran méjì pọ̀, iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan sì ni kí àgbẹ̀ tó yà wọ́n.

Ìrìn kejì wà fún ẹni tí orúnkún ń dùn, fún ọmọ ọwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àti fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn. Ojú irin àtijọ́ ni, wọ́n ń pè é ní Monsal Trail. Ilé iṣẹ́ rélùwéè Midland ló la ojú irin náà gba àfonífojì Wye ní ọdún 1863. Díúkù Rutland, tó ni ààfin Haddon Hall lẹ́yìn ìlú, kò fẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin máa kọjá lójú ilé òun, ni wọ́n bá gbẹ́ ihò sábẹ́ ilẹ̀ fún un níbẹ̀. John Ruskin, òǹkọ̀wé tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà, bínú gidigidi sí afárá gíga tí wọ́n kọ́ sí Monsal Dale. Ó ní wọ́n ba àfonífojì ẹlẹ́wà jẹ́ kí àwọn ará Buxton lè tètè dé Bakewell. Ní ọdún 1968 ni ojú irin náà kógbá wọlé. Ọgbà orílẹ̀-èdè gbà á, wọ́n sì ṣí i fún ẹlẹ́sẹ̀ ní ọdún 1981, ṣùgbọ́n wọ́n ti àwọn ihò abẹ́ òkè rẹ̀ pa nítorí ewu. Ọdún 2011 ni wọ́n tó tún wọn ṣe, tí wọ́n fi iná sí i, tí wọ́n ṣí i.

Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà mẹ́tàlá àti díẹ̀, ó tẹ́jú, kò sí mọ́tò lórí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ tó wà lókè ìlú. Ẹ ó kọjá Hassop, níbi tí wọ́n ti sọ ibùdókọ̀ àtijọ́ di ilé tíì, ẹ ó kọjá Great Longstone, kí ẹ tó wọ ihò Headstone. Ó sún mọ́ ìdajì kìlómítà. Inú rẹ̀ tutù nini kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ń kán láti orí òkúta, ohùn yín á máa dún padà sí yín. Lójijì, ẹ ó yọ sórí afárá gíga tí Ruskin bínú sí: odò Wye ń ṣẹ́ kọ́nà ní ìsàlẹ̀, òkè dúró ní ìhà méjèèjì. Ó tó bíi kìlómítà mẹ́fà láti Bakewell dé ibẹ̀. Bí kò bá ti wù yín mọ́, ẹ lè yí padà níbikíbi. Ìyá tó bá ti Ìbàdàn wá bá yín wẹ ọmọ tuntun, tó ti há mọ́lé láti ọjọ́ tó ti dé, ẹ mú un wá síbí. Á rìn ín, ara rẹ̀ á sì yá.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e, kó tẹ̀síwájú kọjá afárá náà títí dé Cressbrook àti Litton. Ilé ńláńlá tó wà létí odò níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìrànwú ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Richard Arkwright, tí wọ́n kà sí bàbá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ òwú, kọ́ ọ̀kan sí etí Bakewell gan-an ní nǹkan bí ọdún 1777, omi odò Wye ló sì ń yí ẹ̀rọ wọn. Ní Litton, ọmọ òrukàn ni wọ́n ń kó wá láti àwọn ilé aláìní láti ṣiṣẹ́. Robert Blincoe, ọmọ tí wọ́n mú ní St Pancras ní London, wà nínú wọn. Ìwé ìtàn ayé rẹ̀, tó jáde bí ìwé pélébé ní ọdún 1832, sọ nípa ebi, lílù àti ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ọmọ náà. Òwú tí wọ́n sì ń ran nílé iṣẹ́ òwú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà, ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, ní àwọn erékùṣù Caribbean, ní Brazil àti ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Fún ìdí yìí, bí ẹnikẹ́ni bá wo ènìyàn dúdú létí odò Wye bí ẹni pé ó ṣìnà, ẹni náà ni kò mọ ìtàn odò náà. Lónìí ilé gbígbé ni wọ́n sọ ilé iṣẹ́ Cressbrook àti ti Litton dà.

Ìrìn kẹta ní òkè díẹ̀ nínú. Láti ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ ti Bakewell, ọ̀nà kan gòkè gba inú igbó, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn òkè, sí abúlé Edensor àti pápá ààfin Chatsworth. Ó tó bíi kìlómítà márùn-ún. Ìdílé Díúkù Devonshire ló ni ààfin náà. Ẹ wo Edensor dáadáa. Abúlé yìí kọ́ ni abúlé àtijọ́. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ hàn láti ojú fèrèsé ààfin, ní nǹkan bí ọdún 1838 Díúkù kẹfà bẹ̀rẹ̀ sí í wó o, ó sì tún un kọ́ síbi tí òkè ti bò ó. Ilé kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù ní pápá, ẹ ó rí i bí ẹ bá ń kọjá. Joseph Paxton, olórí àwọn alámòójútó ọgbà Díúkù náà, tó padà ya àwòrán ilé onígíláàsì ńlá ti London ọdún 1851, itẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Edensor ló sùn sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin Kathleen, àbúrò John Kennedy ààrẹ Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ ọmọ Díúkù kẹwàá. Kennedy fúnra rẹ̀ wá sí ibojì náà ní oṣù kẹfà ọdún 1963. Ààfin ni ẹ máa sanwó láti wọ̀. Pápá etí odò tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ìdílé Díúkù Devonshire kan náà ló ní ilẹ̀ ní orí òkè Kinder Scout, ní apá àríwá ọgbà orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1932, wọ́n ti òkè náà pa mọ́ ará ìlú nítorí ẹyẹ grouse tó jọ àparò, tí àwọn ọlọ́lá ń yìnbọn pa ṣeré lọ́dọọdún. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ Manchester àti Sheffield, tí wọ́n ń fa èéfín símú láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Sátidé, ń rí òkè náà lọ́ọ̀ọ́kán, wọn kò sì gbọdọ̀ gùn ún. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún náà, nǹkan bí irínwó wọn kóra jọ ní abúlé Hayfield, wọ́n gun òkè lọ ní gbangba. Benny Rothman, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ogún ọdún, ló ṣáájú wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ onílẹ̀ gbìyànjú láti dá wọn padà, wọ́n wọ̀yá ìjà, àwọn márùn-ún sì lọ sẹ́wọ̀n oṣù méjì sí mẹ́fà. Inú bí ará ìlú sí ẹ̀wọ̀n yẹn. Ó wà lára ohun tó ti òfin ọdún 1949 lẹ́yìn, ó sì wà lára ohun tó bí òfin ọdún 2000 tó jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn fàlàlà lórí òkè àti pápá gbalasa láìdúró lójú ọ̀nà kan. Ní ọdún 2002, tí ọ̀rọ̀ náà pé àádọ́rin ọdún, Díúkù kọkànlá wá síbẹ̀, ó dúró níwájú èrò, ó tọrọ àforíjì fún ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe. Mo kí i fún ìyẹn. Kò wọ́pọ̀ kí ọlọ́lá tọrọ àforíjì lórí ilẹ̀.

Àwa ńkọ́? Kì í ṣe pé ènìyàn dúdú kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2004, ní Sheffield, àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan dá ẹgbẹ́ ìrìn sílẹ̀ fún ìlera wọn, wọ́n ń gun àwọn òkè Peak District yìí. Maxwell Ayamba, ọmọ Ghana, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ìrìn wọn ló bí eré orí ìtàgé Black Men Walking tí wọ́n ṣe káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2018. Ẹgbẹ́ ìlú wa, ẹgbẹ́ ọmọlẹ́yìn Kristi, ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé àtijọ́, gbogbo wa ló ń ṣe ìpàdé nínú gbọ̀ngàn. Ìpàdé kan lọ́dún lè wáyé lórí ẹsẹ̀.

Díẹ̀ nípa ìmúra kí ẹ tó lọ. Ẹ wọ bàtà tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, nítorí ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń yọ̀. Ẹ mú ẹ̀wù òjò dání kódà bí oòrùn bá ń ràn ní àárọ̀. Ẹ mú omi, kí ẹ sì mú oúnjẹ tiyín. Mọ́ínmọ́ín nínú kúlà kò ní ọ̀tá létí odò. Lẹ́yìn ìrìn, ẹ tọ́ púdìǹgì Bakewell wò nínú ìlú, ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tó ní jáàmù nísàlẹ̀ tí wọ́n da ẹyin àti álímọ́ńdì lé lórí. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù. Ní oṣù kẹfà, ẹ ní àyè títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ewé kan wà létí ọ̀nà tó ń jóni bí èsìsì. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn. Eégbọn wà nínú koríko gíga, ó sì lè kó àrùn Lyme ran ènìyàn, nítorí náà ẹ yẹ ara yín àti ara àwọn ọmọ wò bí ẹ bá délé. Màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn kì í gba àwàdà. Ẹ má gba àárín òun àti ọmọ rẹ̀ kọjá láéláé. Ẹ rọra yí i ká láìsáré, láìpariwo. Bí ẹ bá ní ajá lọ́wọ́ tí màlúù sì ń bọ̀ wá bá yín, ẹ tú ajá sílẹ̀. Ajá ni màlúù ń lé, ajá á sì yára ju ú lọ.

Ọkọ̀ ojú irin kò dé Bakewell mọ́. Matlock ni ibùdókọ̀ tó súnmọ́ ọn láti ọ̀nà Derby, ẹ ó sì wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń ti Sheffield lọ tààrà. Ẹ wo àkókò tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn máa padà kí ẹ tó gbéra, pàápàá lọ́jọ́ Àìkú.

Bí ẹ bá wá rìn dé ibì kan tí wọ́n ti fi wáyà tàbí ẹ̀gún dí ọ̀nà tó wà lórí máàpù, ẹ má bá àgbẹ̀ jà. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ kọ ibi tí ó wà sílẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí kánsù ìpínlẹ̀ Derbyshire. Òfin ló ní kí wọ́n la ọ̀nà náà, ìwé ẹni tó ń gbé Derbyshire àti ìwé ẹni tó ń gbé Peckham ní London sì dọ́gba lójú òfin náà.